Àtẹ̀gùn Ẹnu Ọ̀nà: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Mọ Ọ́n

 

Àwa ará Ìdànrè mọ àtẹ̀gùn. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Odòde. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ dé ìlú àtijọ́ yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹni tó ń gun ti òkè a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kékeré ẹnu ọ̀nà ilé, a kì í wò ó. Òun náà ló sì ń dá àgbà wólẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ara wa. Nígbà tí a kọ́ ilé wa, láti ilẹ̀ ìta dé ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà jẹ́ ìǹṣì 33. A kò wọ̀n ọ́n, ojú la fi wò ó. Ìgbésẹ̀ 4 ga ní ìǹṣì 6, ìkarùn-ún tó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ga ní ìǹṣì 9. A ní kò burú. Ìyá wa wá bá wa gbé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ṣubú níbẹ̀ lálẹ́, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́jà mọ́. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, a kò ṣe ìṣirò ilé wa!

Ẹsẹ̀ a máa rántí. Bí ó bá ti gun ìkíní àti ìkejì, ó ti rò pé òun mọ ibi tí ìkẹta wà. Nítorí náà, kí gbogbo wọn ga bákan náà.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ pín 33 sí ọ̀nà 6: ó jẹ́ ìǹṣì 5 àti ààbọ̀. Ìkẹfà ni ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, nítorí náà àtẹ̀gùn 5 la ó mọ. Kí ibi ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìǹṣì 12. 12 lọ́nà 5 jẹ́ 60, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 5. Ṣé ojúde yín gbà á? Ṣé kò ní dí gọ́tà?

Ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ilẹ̀ líle tàbí àpáta. Ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síta kí omi má dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán, nítorí òjò. Ẹ fi àpò kòkó tó tutù bò ó fún ọjọ́ 7, kí sìmẹ́ńtì lè le dáadáa. Ẹ ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà.

A ti wó tiwa, a sì ti tún un mọ. Ìyá wa ń di ìdìmú mú gùn ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wọn ti ilé rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé wá. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi han bíríkìlà.

Ilé wa kò ní gbé wa ṣubú o.