Bí Odídẹrẹ́ Yóò Ṣe Gbà Láti Kúrò Nínú Àgò

Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, torí náà ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ bá yà sọ́tùn-ún yà sósì. Creek Road ni mo wà níbí, ní ìhà Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ fèrè tírélà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ ni tòní. Kì í ṣe ti rírà o. Lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún títà. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọn tán nínú igbó wa. Ẹni tó bá ń gbé e kiri lójú ọ̀nà, ẹ má dá a lóhùn. Èyí tó ti wà nílé ni mo ń sọ. Odídẹrẹ́ a máa lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá rí ìtọ́jú, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rà á, ńṣe ni wọ́n jogún rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ arábìnrin kan tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ṣe rí gan-an nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló ni ẹyẹ náà, bàbá sì ti di olóògbé. Èjìká bàbá nìkan ni ẹyẹ yìí mọ̀ pé òun lè bà lé níta àgò. Ní báyìí tí kò rí èjìká mọ́, kò jáde mọ́, ó sì ti ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu. Èyí tó tún ń dùn wọ́n jù ni pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, ohùn bàbá ni ẹyẹ náà fi ń pe ìyá wọn. Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin wà nínú ọ̀fọ̀, ohùn ọkọ rẹ̀ ń ti inú àgò pè é lórúkọ. Àwọn àbúrò ti ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó bá fẹ́. Arábìnrin yìí wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì lè kọ́ láti jókòó síbòmíràn?”

Àbúrò mi, ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, torí kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló ń mú ẹyẹ fa ìyẹ́ tu, àìsàn náà wà níbẹ̀. Bí dókítà bá ti ní ara rẹ̀ dá, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín.

Igi ni ká kọ́kọ́ wá. Ìka ẹsẹ̀ odídẹrẹ́ mẹ́rin ni, méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, bí ẹni fi ẹ̀mú di nǹkan mú. Bó bá jẹ́ orí igi gbọọrọ kan tó dọ́gba látòkè délẹ̀ ló ń dúró sí látàárọ̀ dalẹ́, bí igi ìgbálẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń tì bọnú àgò, ojú kan náà ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì dégbò. Ẹ̀ka gúáfà ni mo fẹ́ràn jù. Ó le, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, ibì kan nípọn, ibì kan tín-ín-rín. Ibi tí ẹyẹ yóò ti máa dúró jù, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3, kí ìka lè yí i po kọjá ìdajì, kí èékánná má sì pàdé. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún, ẹ má sì fi Solignum lé ikán lára rẹ̀, torí ẹyẹ yóò jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ gba ike ọ̀dà ńlá tó ti ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn á fi tán, ẹ gbé ẹ̀ka náà dúró sínú rẹ̀, kí ẹ po yanrìn àti sìmẹ́ǹtì dà á. Kó ga tó àyà àgbàlagbà. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sísàlẹ̀. Ẹ so ṣùkù àgbàdo, èèpo àgbọn tàbí páálí tí kò ní ọ̀dà mọ́ ọn, kó rí nǹkan fi ẹnu ya. Igi tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìlẹ̀kùn lójú ẹyẹ.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí ló le jù. Odídẹrẹ́ a máa bẹ̀rù ohun tuntun. Bí ẹ bá kàn gbé e lé igi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yóò fò sórí irin kọ́tìnì, ẹ ò sì ní rí i mú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi igi náà sí ọ̀kánkán, níbi tí ẹyẹ á ti máa wò ó, fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sún un mọ́ àgò díẹ̀díẹ̀. Fún ilé tiyín, àbúrò mi, ẹ̀gbẹ́ àga bàbá ni mo máa gbé e sí, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyẹ yẹn ti mọ ibẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí mo rí kọ́ lára Irene Pepperberg, obìnrin Amẹ́ríkà tó ra odídẹrẹ́ kan ní Chicago lọ́dún 1977 tó sì sọ ọ́ ní Alex. Nígbà tí Alex fi kú lọ́dún 2007, ó ti mọ orúkọ nǹkan tó lé ní 50. Ènìyàn méjì ló máa ń kọ́ ọ: ọ̀kan á ṣe olùkọ́, èkejì á ṣe akẹ́kọ̀ọ́, Alex á máa wò wọ́n, yóò sì fẹ́ gba ipò akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Mo mú un lò fún ọ̀rọ̀ igi. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan fọwọ́ kan igi náà, kí ẹ fún un ní ẹ̀pà lójú ẹyẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ilé wa mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ẹ̀pà ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí àgò sílẹ̀. Bó bá wo igi, ẹ fún un ní nǹkan. Bó bá nà síwájú, ẹ fún un. Ẹsẹ̀ kan, ẹ fún un. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un, kó lè mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ẹyìn pupa ni kẹ́ ẹ lò, torí ẹyìn ni wọ́n máa ń jẹ nínú igbó. Ẹ fi pamọ́ fún orí igi nìkan. Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ó ní májèlé. Ẹ má febi pa á láti fi kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, ẹ dáwọ́ dúró kó tó sú u. Bó bá sì fò sórí kọ́tìnì, ẹ má pariwo, ẹ má sọ bàtà lù ú. Ariwo wa a máa dùn mọ́ ọn, eré ló kà á sí.

Ti ohùn bàbá ńkọ́? Ohùn tí ẹ bá dáhùn ni yóò máa lò. Bí Màmá bá fẹ́ kó dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Kí ẹ máa dá a lóhùn nígbà tó bá sọ nǹkan míì. Ṣùgbọ́n ẹ bi Màmá ná. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ọmọ ni ohùn náà ń dẹ́rù bà, kì í ṣe òun.

Kí n tó gbàgbé, nígbàkúùgbà tí ẹyẹ bá wà níta, ẹ pa fáànù àjà. Ẹ má jẹ́ kí èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé, ìyẹn sì ṣòro ládùúgbò tiwa níbí. Ìkòkò dídín tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ ń pa ẹyẹ kíákíá. Bí ẹ̀ka gúáfà bá ti jẹ tán, ẹ máa yọ̀! Ẹ gé òmíràn, kí ẹ dè é mọ́ kùkùté ti àkọ́kọ́. Ó dìgbà kan ná.