OMI KÀNGA, NÁÍTÍRÉÈTÌ ÀTI ÀWỌN KÒKÒRÒ INÚ ẸRẸ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní etíkun Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ omi mímu la mú wá lónìí, pàápàá omi tí a ń fún ọmọ ọwọ́.

Nínú iyanrìn etíkun, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, nítorí náà kànga wa kì í jìn. Bí òjò bá rọ̀, a máa fọ ìdọ̀tí ṣáláńgá, ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ oko wọ inú ilẹ̀. Ohun kan tí a ń pè ní náítíréètì a sì bá a dé inú kànga. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: sísè omi kì í mú náítíréètì kúrò. Iná ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi ti ń gbẹ nínú ìkòkò ni náítíréètì ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù àti aṣọ asẹ́ kò ràn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju miligíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Iye kan náà ni ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti ọdún 2007 là sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù nínú omi tí a fi po oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara dáadáa. Ètè àti èékánná rẹ̀ á dà bí aṣọ tí a rẹ sínú aró. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ló wá ń mú náítíréètì kúrò? Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, tí wọ́n ń gbé inú ẹrẹ̀ àbàtà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Náítíréètì ni wọ́n fi ń mí. Wọ́n á sọ ọ́ di náítírójìn, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, á sì fẹ́ lọ.

Ewé jíjẹrà ni oúnjẹ wọn nínú àbàtà. Omi kànga tó mọ́ kò ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì fi hàn pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì lè rọ́pò rẹ̀. A ó ki ọ̀pá méjì bọ inú omi, àwọn kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ọ̀kan, iná díẹ̀ tó ń gba inú ọ̀pá á sì fún wọn lágbára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń fẹ́ iná tí kì í lọ àti àyẹ̀wò omi lóòrèkóòrè. Kò tíì di ohun tí a lè gbé kalẹ̀ sí abúlé wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe èyí tí ọwọ́ wa ká:

1. Ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ po oúnjẹ fún un, omi òjò tí ẹ gbè láti orí òrùlé tó mọ́ ni kí ẹ sè.

2. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30.

3. Ẹ má fọ́n ajílẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ṣú. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì.

4. Àwọn kòkòrò kan náà ni ń jẹ owó yín nínú oko ìrẹsì àbàtà. Ẹ má lo ajílẹ̀ tó ní náítíréètì níbẹ̀. Yúríà ni kí ẹ rì mọ́ inú ẹrẹ̀.

5. Kí ẹgbẹ́ dá owó ra táńkì omi òjò, kí ẹ sì gbé omi kànga yín lọ fún àyẹ̀wò.

Ó dìgbà kan ná. A ó kórè, a ó rí ọmọ jẹ ẹ́ o.