Àwọn Awakọ̀ Oníbíà àti Àwọn Ará Castro

Nígbà tí alága ní ọ̀rọ̀ mi dá lórí bí àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin ṣe kóra jọ jà fún ẹ̀tọ́ wọn, mo gbọ́ tí àwọn kan pòṣé. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1974, ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn awakọ̀ tí ń fi lọ́rì kó bíà kiri, ọmọ ẹgbẹ́ Teamsters, ń bá àwọn apínbíà fà á nítorí ìwé àdéhùn. Coors ló ṣorí kunkun jù. Allan Baird, olórí wọn, mọ̀ pé bí ọjà kò bá dúró, ọ̀gá kò ní gbọ́. Àwọn Lárúbáwá àti ará Ṣáínà onísọ́ọ̀bù oúnjẹ ti gbà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ku àwọn ilé ọtí àdúgbò Castro, ibi tí àwọn tí mo ń wí yìí pọ̀ sí. Ni Baird bá lọ bá Harvey Milk, tó ní ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà níbẹ̀, tí kò sì fi pamọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni òun.

Milk kò béèrè owó. Ó ní kí ẹgbẹ́ jẹ́ kí àwọn èèyàn òun náà rí iṣẹ́ awakọ̀. Ẹ gbọ́ ọ o: iṣẹ́ ló béèrè! Nígbà náà, ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀gá lè lé èèyàn lọ nítorí ẹni tó fẹ́ràn, kò sì sí òfin tí yóò bi í. Ní Coors fúnra rẹ̀, wọ́n ń so ẹni tó ń wá iṣẹ́ mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ onírọ́, wọ́n á sì máa tọ pinpin ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Èwo ló kàn wọ́n ńbẹ̀?

Baird gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Milk wọ ilé ọtí kan jáde, ó wọ òmíràn, wọ́n sì kó bíà Coors kúrò níbi títà. Àwọn apínbíà yòókù fọwọ́ síwèé, àwọn ará Castro sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa lọ́rì. Coors kọ̀.

N kò ní tàn yín: nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Coors ní Colorado daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1977, wọn kò borí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò dẹwọ́ lórí bíà náà títí di 1987.

Milk ti fìdí rẹmi nínú ìbò 1973. Láti 1975 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú ní 1977. Ní November 1978, wọ́n gbé òfin kan wá síwájú àwọn ará California pé kí wọ́n lé irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbà. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, àwọn tó lé ní 58 ló sọ pé rárá. Kò pé oṣù kan tí wọ́n yìnbọn pa Milk.

Nílùú wa níbí, òfin ọdún 2014 ní kí ẹni tó bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Àwa tí a mọ ohun tí ẹ̀tọ́ àtiṣe ìpàdé jẹ́, kí la ní láti sọ sí i? Àyè ṣí sílẹ̀ fún ìbéèrè.