Ọjọ́ Tí Kò Sí Kíráísìsì: Kí Ló Dé Tí Ara Ṣì Ń Ro Ẹni Tó Ní SS?

Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo jókòó ti máíìkì. Láti ìgbà tí a ti ṣe ètò lórí jínótáìpù àti ìgbéyàwó, ìbéèrè kan ni ẹ ń fi ránṣẹ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà: ẹni tó ní SS, tí kò sí nínú kíráísìsì, tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà, kí ló dé tí ara ṣì ń ro ó lójoojúmọ́? Àwọn kan nínú yín fi kún un pé àwọn ará ilé ti ń sọ pé irọ́ ló ń pa.

Kì í ṣe irọ́. Mo fẹ́ sọ èyí ná, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń pa ètò wa kó tó dé ìdajì. Ìrora ojoojúmọ́ yẹn lè wà láìsí pé sẹ́ẹ̀lì kankan ń dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, ti kọ́ iṣẹ́ ìrora kọjá ààlà.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún àìsàn yìí: fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ tó mọ nǹkan ni. Ó mọ̀ pé òní lè burú débi tí ará ilé á ti máa sunkún, kó tó di ọ̀la aláìsàn ti jókòó, ó ń bèèrè oúnjẹ. Àwọn Gã ní Ghana ń pè é ní chwechweechwe. Dókítà Felix Konotey-Ahulu, ọmọ Ghana tó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àìsàn náà, ṣàlàyé pé bí ìrora ṣe ń jẹ egungun lájẹtúnjẹ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń fi ìró rẹ̀ sọ. Orúkọ tiwa sọ ti ọjọ́ ikú, ó sọ ti ọjọ́ ìdìde. Ọjọ́ tó wà láàárín ni kò sọ: ọjọ́ tí èèyàn ò kú, tí kò sì dìde tán, tó lọ síbi iṣẹ́, tó bá wọn rẹ́rìn-ín, tí ìbàdí sì ń ro ó láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni Dókítà Wally Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kà ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àgbàlagbà 232 tó ní àìsàn yìí ní ìwé, kí wọ́n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ bóyá ara ro wọ́n, bó sì ṣe pọ̀ tó. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú ọjọ́ 31,017 tí wọ́n kó jọ, ìrora wà ní ìdá 54.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìdá 3.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà ni wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí ilé ìwòsàn. Nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èèyàn náà ló jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ tí ara kì í ro wọ́n.

Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe. Ohun tí máíìkì ò bá gbà, kò sí nínú ètò nìyẹn, bó ti wù kí ó dùn tó. Ilé ìwòsàn ni máíìkì tí wọ́n fi ń gba ìrora àwọn èèyàn yìí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń gbọ́.

Báwo ló ṣe wá ń ṣẹlẹ̀? Ti kíráísìsì, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n: sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré, ọ́síjìn ò ní dé ibi tó yẹ, ibẹ̀ á sì fi ìrora ké gbàjarè. Ẹ wá jẹ́ ká fi àláàmù mọ́tò ṣe àpèjúwe. Wọ́n so ó mọ́ mọ́tò kó lè ké bí olè bá fọ́ gíláàsì. Olè wá lẹ́ẹ̀kan, ó ké. Olè wá lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí tó fi di pé bí ọ̀kadà bá kọjá lásán, yóò ké; bí ewé bá já lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò ké. Kò sí olè níbẹ̀ mọ́. Ariwo náà ṣì ni ariwo, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn.

Ní 1983, Clifford Woolf, tó wà ní University College London nígbà náà, fi hàn lára eku pé lẹ́yìn tí ara bá ti fara pa, okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìròyìn kékeré di ńlá. Ní 2017, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìrora, IASP, fọwọ́ sí orúkọ kan fún ìrora tó ń wá láti inú bí ètò ìmọ̀lára ṣe ń ṣiṣẹ́, láìsí ẹ̀rí pé ẹran ara tàbí iṣan kankan bàjẹ́: nociplastic pain. Orúkọ náà ò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn irọ́.

Ti SS ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Dókítà Amanda Brandow àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ohun tútù àti ohun gbígbóná kan ara àwọn tó ní àìsàn náà, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní in. Èsì wọn jáde ní 2013: òtútù tí kò tíì dun àwọn yòókù ti ń dun àwọn tó ní àìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ooru. Ẹni tó ní SS tó ti wọ ọ́fíìsì tí wọ́n tan éésì sí, tàbí tó ti jí láàárọ̀ ọyẹ́, kò nílò kí ará Wisconsin sọ èyí fún un. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ó dáa kí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ ẹni nígbà tí àna bá ń wo èèyàn bí ọ̀lẹ.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi ni ti àwọn tí wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ wọn sàn. Wọ́n gba mùdùnmúdùn inú egungun lọ́dọ̀ ọmọ ìyá wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn ò tẹ̀ bíi dòjé mọ́, kíráísìsì ti lọ. Ìwádìí Dókítà Deepika Darbari àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ara ṣì ń ro àwọn kan nínú wọn. Olè ti kó kúrò ládùúgbò; àláàmù ò tíì gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra nígbà tí inú gbogbo ayé ń dùn sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún jíìnì ṣe, tí Bìrìtìkó fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023 tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Iṣẹ́ ńlá ni. Nínú èèyàn 31 tí wọ́n tọ́ka sí ní Amẹ́ríkà, 29 ló lo oṣù 12 ó kéré tán láìsí kíráísìsì líle. Yàtọ̀ sí pé owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan, kíráísìsì líle tó ń gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ rẹ̀. Máíìkì àtijọ́ yẹn náà ni.

Ẹ tún lè ti gbọ́ nípa suzetrigine, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Ìtàn tó wà lẹ́yìn irú oògùn bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa àwọn ẹbí kan ní àríwá Pakistan tí wọn ò mọ ìrora láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn ń rìn lórí ẹyin iná fún àwọn òǹwòran, ó ń fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn sódíọ̀mù kan lára iṣan ìmọ̀lára ni kò ṣí lára wọn. Suzetrigine ń ti ilẹ̀kùn mìíràn tó jẹ́ ìbátan èyí. Ṣùgbọ́n ìrora tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, bíi ti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ń tà á fún yín lórí WhatsApp fún ìrora ọdún mẹ́wàá, owó yín ló ń wá.

Ohun tó sún mọ́ wa ni hydroxyurea. Nínú ìwádìí tó jáde ní 1995, ó dín kíráísìsì kù láti bí 4.5 lọ́dún sí 2.5. Bí olè ò bá wá léraléra, àláàmù lè má bàjẹ́. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 dá àwọn oògùn bíi duloxetine àti gabapentin lábàá, àti ìjókòó pẹ̀lú onímọ̀ nípa èrò ọkàn. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má tètè fi èèyàn sórí àwọn oògùn bíi morphine fún ìgbà pípẹ́, nítorí wọ́n lè mú kí iṣan ìmọ̀lára tún le sí i. Duloxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, kò sọ pé orí yín dàrú o. Iṣan ìmọ̀lára ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìlànà kan náà ní kí ẹni tó bá gbé kíráísìsì wá sí ilé ìwòsàn rí oògùn ìrora gbà láàárín wákàtí kan. Wákàtí kan! Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan dé ilé ìwòsàn kan lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní, "Ìwọ lo tún dé? O ti fẹ́ràn abẹ́rẹ́ jù." Wọ́n mú un jókòó dalẹ́ nítorí pé ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀, ẹni tí ara ń ro kì í fi fóònù sọ̀rọ̀ lójú tiwọn. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹnu géètì. Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, bí mi ò bá ké, wọn ò ní gbà mí gbọ́, bí mo bá ké jù, wọ́n á ní mo ń ṣe eré." Ọmọ ọdún 19 ni.

Ohun tí mo ní kó ṣe, tí mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà: ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà kan láti 0 dé 10, ibi tó ro yín, bí ẹ ṣe sùn, àti bóyá òjò rọ̀ tàbí ọyẹ́ wà. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tí kò sí kíráísìsì lẹ wá sọ. Bó bá jẹ́ ìbàdí tàbí èjìká kan náà ni ìrora ń wọ̀ sí, ẹ ní kí wọ́n yàwòrán egungun ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iṣan ìmọ̀lára, nítorí orí egungun itan lè kú bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀, ìyẹn sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa hydroxyurea àti oyún, mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Dókítà máa wà níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti dáhùn. Ó dìgbà náà.