Àgbà Lẹ́nu Iṣẹ́ Ilé-Ìtura

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ilé-ìtura. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni oko tí èmi ń ro.

Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Days Inns ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn àgbà síṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Atlanta, níbi tí a ti ń fi tẹlifóònù gba yàrá sílẹ̀ fún àlejò. Kì í ṣe àánú ni ó fà á. Àwọn ọ̀dọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá ti kọ́ wọn tán ni wọ́n ń bá tiwọn lọ. Àbọ̀ ìwádìí tí àjọ Commonwealth Fund ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Ọ̀sẹ̀ 2 tí ọ̀dọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ náà, àti kọ̀ǹpútà tí ó wà níbẹ̀, ni àgbà náà fi ń kọ́ ọ. Ọ̀dọ́ ń lo nǹkan bí ọdún 1 kí ó tó lọ. Àgbà ń lo nǹkan bí ọdún 3.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nìyí: àgbà ń pẹ́ lórí tẹlifóònù ju ọ̀dọ́ lọ. Bí a bá fi aago nìkan wọn iṣẹ́, a ó ní ó lọ́ra. Ṣùgbọ́n iye yàrá tí ó ń rí tà ju ti ọ̀dọ́ lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń kíni kí a tó dórí ọ̀rọ̀ kò fi àkókò ṣòfò.

N kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ náà rí bákan náà. Ẹni tí ń gbé tìmùtìmù tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti yàrá dé yàrá, ẹ̀yìn àti orúnkún rẹ̀ ni ó ń ná. Kí a má fi ìyìn bo èyí mọ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa yẹ yàrá wò, tàbí kí ó máa kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́, dípò kí a lé e.

Òwe wa ń yin àgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí ó jókòó ni, tí ń parí ìjà, tí ń gbani nímọ̀ràn. Àgbà tí ó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó tó bí lọ́mọ, ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Mo gbà pé èyí wà lára ohun tí ń mú kí àwọn máníjà kan sá fún gbígbà wọ́n: wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe pàṣẹ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti pèsè ọ̀nà rẹ̀. “Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún yàrá òkè yẹn wò.” Àṣẹ ni, ẹni tí a sọ ọ́ fún mọ̀ pé àṣẹ ni, kò sì sí ẹni tí a rí fín.