Oúnjẹ Tí A Mọ Ẹni Tó Gbìn Ín

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá wa sí. Kí Ó fọ̀run kẹ́ àwọn tó ti ṣáájú wa lọ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá àwọn ọmọ mi ra kóńgò ẹ̀wà mẹ́wàá lọ́jà. Bó ṣe tú u sínú abọ́ nílé, òórùn kan ta sí i nímú tí kì í ṣe òórùn ẹ̀wà. Òórùn òtápiàpiá ni, èyí tí a fi ń pa aáyán. Ó gbé ẹ̀wà náà padà lọ bá ìyá tó tà á. Ìyá náà ò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, “Ìyàwó mi, fi omi gbígbóná ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan tó máa ṣe.” Ìyàwó mi wá bi í pé, “Ìyá, ṣé irú èyí náà ni ẹ̀yin ń jẹ nílé?” Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èmi kẹ̀? Mo ní tèmi lọ́tọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ẹni tó ń tà á mọ èyí tó dára, òun ló sì ń jẹ. Àwa tí a ń fowó wa rà á ni a ò mọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé mi nìkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí pé dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Dichlorvos yìí gan-an ló ń bẹ nínú òtápiàpiá. Ní ọdún 2019, NAFDAC náà ní kí wọ́n má ta èyí tó wà nínú ìgò kékeré káàkiri ọjà mọ́. Ẹ̀wà tí òyìnbó ò gbà, àwa ṣì ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín.

Bẹ́ẹ̀, kò di dandan kí a fi májèlé pa kòkòrò ẹ̀wà. Bí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, tí a rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì, tí a dé e pa tí afẹ́fẹ́ ò lè wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀, torí kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Àwọn àgbà a máa lo eérú àti ata gbígbẹ. Ní ilé mi báyìí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ̀wà náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbí. Ẹ̀wà yẹn kì í ṣe ti òkè òkun. Ọmọ Nàìjíríà ló gbìn ín, ọmọ Nàìjíríà ló da oògùn sí i. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí a padà sí oúnjẹ ilẹ̀ wa, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣáà ti hù nílẹ̀ wa ni mò ń sọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi kábáìdì àwọn wẹ́dà mú pọ́n, ilẹ̀ wa ló ti hù. Kábáìdì yẹn sì máa ń ní arsenic nínú, májèlé pọ́nńbélé. (Bí èèpo bá pọ́n dẹ̀dẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ rọra máa bá tiyín lọ.) Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń bomi gọ́tà rin lẹ́bàá títì, tiwa náà ni. Ohun tí mò ń wá ni oúnjẹ tí mo mọ ẹni tó gbìn ín, tí mo lè bi í léèrè, tí ojú á sì tì í bó bá gbé èyí tí òun fúnra rẹ̀ ò lè jẹ fún mi.

Ìjẹ̀bú la wà, a ò lè sọ̀rọ̀ oúnjẹ kí a fo gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú tòótọ́, bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á fi í sínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó lè kan, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Kíkan yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cyanide, kíkan náà sì wà lára ohun tó ń dín in kù. Gààrí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n yan lálẹ́ kò ní àkókò yẹn. Àwọn ìyá wa ò ka kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ọjọ́.

Ìrẹsì ńkọ́? Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, gbogbo wa la rántí bí owó ìrẹsì òkèèrè ṣe fò sókè. Ọ̀fadà wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí nígbà náà. Ewùrà ìkókoré wà, kókò ẹ̀bìrìpò wà.

Ní ìpàdé wa oṣooṣù, mo máa ń wo bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń jáde látinú àpò agbádá kí abọ́ tó dé iwájú wa. Tèmi náà wà lápò. Mi ò ní oúnjẹ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré. Ẹ ka magí tó ń wọ ìkòkò kan nílé yín, kí ẹ wá ro iyọ̀ mọ́ ọn. Irú tó dára ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ láìsí gbogbo ìyẹn.

Àwọn àgbẹ̀ wa náà lẹ́jọ́ tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ ò sí lóko mọ́, owó lébìrà wọ́n, ni bàbá àgbàlagbà bá gbé tánkì oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn. Paraquat, tí Yúróòpù ti lé jáde láti ọdún 2007, ó di ọdún 2024 kí NAFDAC tó fòfin de tiwa. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ ro ó, ẹnì kan ló máa sanwó ọkọ́ náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Láyé àwọn bàbá wa, ẹgbẹ́ a máa ṣe àáró, wọ́n a máa bẹ ara wọn lọ́wẹ̀. Oko ọ̀kan lónìí, oko èkejì lọ́la. Aṣọ nìkan ló kù tí a jọ ń ṣe. Mo fẹ́ràn aṣọ wa o, ẹni tó bá rí wa ní Ojúde Ọba á mọ̀ pé a wà. Àmọ̀ràn tèmi ni pé kí a yọ owó fìlà kan péré nínú ti ọdún tó ń bọ̀, kí a fi san àsansílẹ̀ fún àgbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, fún ewùrà, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí wọn ò fín oògùn sí, kí àwa fúnra wa sì máa lọ wò ó lóko.

Àwọn kan á ní ó máa wọ́n. Òótọ́ ni. Oṣù kan wà tí agbára ilé mi ò ká a, ohun tí a rí la jẹ.

Ìgbìmọ̀ oúnjẹ ti gbà fún mi lónìí. Ìrẹsì Ọ̀fadà inú ewé ni wọ́n fẹ́ gbé jáde báyìí, pẹ̀lú ọbẹ̀ ayamáṣe. Àwọn ìyá tó sè é wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ lè bi wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti rà á. Wọ́n ti ṣa òkúta rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì rọra jẹ ẹ́.