Ìrònúpìwàdà Tó Dé Ìdí Ilẹ̀
(Ọ̀rọ̀ ìyànjú níbi ìsìn ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ wa)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrònúpìwàdà, mi ò sì ní lọ jìnnà. Láti Lekki títí dé Ajah, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wọ́pọ̀ láàárín wa ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ? Ẹ jẹ́ n fi tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ní 1994, ẹbí wa ta pulọ́ọ̀tì kan fún obìnrin oníṣòwò kan. Ó san owó pé, a kọ rìsíìtì fún un. Nígbà tó di 1996, owó ilẹ̀ ti gbẹ́nu sókè, a tún ilẹ̀ yẹn tà fún ẹlòmíràn. Èmi ni mo sáìnì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí màmá yìí kó búlọ́ọ̀kù dé, ilé onílé ló bá lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ó rántí oṣù Kejìlá ọdún 1998, nígbà tí ìjọ Redeemed ṣe àpéjọ ńlá ní Lekki, tí Bàbá Adeboye wàásù. Èrò ò ṣeé kà. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo délé, mo jẹun, mo sùn. Màmá yẹn ò kúrò lójú kan tí mo fi í sí. Tó bá wá, màá sá wọ yàrá, màá ní kí àwọn ọmọ sọ pé bàbá ò sí nílé. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin mi kékeré rí i lókèèrè, ó sáré lọ pàdé rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi ò sí nílé o!” Mi ò tíì rán an. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi ń gbọ̀n. Mo ti fi irọ́ ṣe ogún fún ọmọ mi.

Ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù orí 19. Jésù kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀ ná, kò ní kó lọ san gbèsè kó tó gba òun lálejò. Lẹ́yìn náà ni Sákéù dìde, tó ní òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún àwọn tálákà, òun yóò sì dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tò tẹ̀ lé ara. Owó kọ́ ló ra ìdáríjì, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti san ìyẹn. Àmọ́ ìdáríjì tó wọlé, tí ọwọ́ ò sì là, àbí ẹ rò pé ó wọlé lóòótọ́? Òfin Mósè pàápàá, nínú Léfítíkù orí 6, ní kí ẹni tó rẹ́ni jẹ dá ojú owó padà, kó fi ìdá márùn-ún kan lé e, kó tó mú ẹbọ wá.

Ẹnì kan á ní, “Olè orí àgbélébùú ńkọ́? Kò san kọ́bọ̀.” Òótọ́ ni. Kò láyè mọ́, Jésù sì gbà á. Àwa tí a láyè ńkọ́?

Mo mú pásítọ̀ wa àti àgbà ẹbí kan dání, a lọ bá màmá náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ilé ti wà lórí ilẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà mo gé ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì fún un nínú ìpín tèmi lápá Langbasa, mo sì fi ọdún mẹ́ta san owó tó kù. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín nítorí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ má retí mi níbi àríyá yín.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run dárí ji Dáfídì, Ùráyà ò sì jí dìde. Ìdáríjì kì í pa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rẹ́, kì í sì í ṣe tipátipá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn mi, èmi fúnra mi ni mò ń ṣí i.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 2016, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dúkìá l’Ékòó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin lè dẹ́rù bani, kò lè yí ọkàn padà. Àwọn àgbà sì ti ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo àpótí tí ẹ kó ìwé ilẹ̀ sí. Bí orúkọ méjì bá wà lórí ilẹ̀ kan, ẹ wá ẹni àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ti kú, ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín lọ, ẹ pè mí ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Màá bá yín lọ, màá sì bá yín dọ̀bálẹ̀. Mo mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tutù tó.

Kí Ọlọ́run ṣàánú fún gbogbo wa. Àmín.